Ògiri Ilé Ìdáná Tó Tú Mi Fó

Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí ní ìwé kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí lójoojúmọ́. Abẹ́ ìrọ̀rí ló ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ó rò pé òun ló kọ́kọ́ dá irú ẹ̀. Èmi tí n kò mọ orí ìwé yàtọ̀ sí ìdí, mo ti kọ tèmi rí. Ògiri ilé ìdáná mi ní Ìgbó-Ọrà ni mo kọ ọ́ sí, èédú sì ni gègé mi. Ìgbà yẹn, àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé.

Ohunkóhun tí ọkọ mi bá ṣe tó dùn mí, mo ń yà á síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oko, mo ya àdá. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹran, mo ya egungun. Èrò mi ni pé tó bá ti kún, màá pe ẹbí jọ, màá sì kẹ́rù mi lọ sílé bàbá mi ní Ìdèrè. N kò ṣe mọ́.

Iléyá wá ku fẹ́ẹ́fẹ́. Àwa ìyàwó ilé a máa fi bọ̀tọ̀, ìgbẹ́ màlúù, pa ògiri kí ọdún tó dé. Nígbà tó kan ọ̀dọ̀ mi, mo dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ògiri mi. Ẹlẹ́rìí mi ni."

Ìyálé mi, aya ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, kígbe: "Ẹ gbà mí o! Ìyá Ìbejì ti ń fi ògiri ṣe ẹlẹ́rìí!"

Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, olórí ilé wa. Ó jókòó sórí àpótí mi, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Ọkọ mi dúró tì í bí ẹni tí wọ́n ká ẹran mọ́ lọ́wọ́ nínú ìkòkò.

"Ìyàwó, kà á ká gbọ́."

Mo nàka sí i. "Èyí, ó ń lọ soko Igangan, ó lóun á dé lỌ́jọ́bọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni mo rí i. Èyí, ó tún sùn sóko. Egungun yìí, ó jẹran ìgbẹ́ lọ́hùn-ún, kò mú tèmi bọ̀. Èyí, oko ni. Èyí náà, oko."

"Ó lù ọ́ rí?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ọjọ́ tó bá wà ńlé, kí lo kọ?"

Mo wo ògiri lọ, mo wò ó bọ̀. N kò rí nǹkan kan.

Bàbá kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Àárò rẹ ló ń sọ obìnrin yìí!"

Ẹ̀rín sọ. Ìyálé mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ wá wo ẹni tó fẹ́ fi ọkọ sílẹ̀ torí pé kò rí i tó!"

"Ẹ̀gbọ́n," ni ọkọ mi wí, "tí mo bá wà ńlé, ó ní mò ń hanrun!"

"Ṣé mo kọ ìyẹn sógiri ni?"

Kọ ọ́ síbẹ̀, ìwọ ọmọ yìí, yé rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo rò pé ìwà ọkùnrin náà ni mò ń kó jọ, àṣé inú ara mi ni mò ń tú síta.

Bàbá ní kí wọ́n pa ògiri náà lójú ẹsẹ̀, kí ọkọ mi sì máa mú mi lọ soko. Mo ní ẹ̀gẹ́ oko rẹ̀ ni mo fẹ́ lọ wò ní tèmi, kì í ṣe òun. Lẹ́yìn ọdún Iléyá, mo gun ẹ̀yìn máṣíìnì rẹ̀, a kọrí sí Igangan. Bí a ṣe jáde nílùú, ó bojú wẹ̀yìn.

"Ìyá Ìbejì, ẹ̀gẹ́ ti ń ṣàárò rẹ o."

"Bàbá Ìbejì, ẹ wojú ọ̀nà jàre, kí ẹ má gbé wa sọ sí kòtò."