Ṣé kí bàbá mi pe Julia ní Àǹtí?

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ bàbá mi o!

Ọdún 1957 ni Fortran dé, èdè tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bí bàbá mi n'Íkẹ́nnẹ́. Ẹ ò gbọdọ̀ bú Fortran lójú wọn.

"Ẹgbẹ́ mi ni!"

Èmi, Julia ni mò ń lò, èdè tuntun. A ṣàdéhùn pé tó bá yá ju Fortran lọ, bàbá mi á máa pè é ní Àǹtí Julia.

Lónìí, a gbé ìṣirò kan náà nípa bí òjò ṣe máa rọ̀ fún àwọn méjèèjì lórí kọ̀ǹpútà gìrìwò kan tó wà lókè òkun. Julia ló kọ́kọ́ parí. Mo jó yí àga bàbá mi ká.

"Bàbá, ẹ pè é ní Àǹtí!"

Wọ́n fi awò sójú, wọ́n tú inú Julia wò, ni wọ́n bá pariwo:

"Wá wò ó! Ta ló ń ṣe ibi tó le jù níbí?"

Fortran ni. Àwọn tó ṣe Julia ti kó iṣẹ́ Fortran àtijọ́ sínú ẹ̀.

"Ẹgbẹ́ mi ló pọ̀n ọ́n sáré! Ọmọ tó wà lẹ́yìn ni kí n wá pè ní Àǹtí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dájọ́: ta ló kọ́kọ́ débẹ̀, ẹni tó pọnmọ ni àbí ọmọ tí wọ́n pọ̀n?