Iṣẹ́ Tó Wu Ẹ̀gbọ́n Mi

Ilé tí bàbá mi kọ́ sí Lokogoma ní Àbújá kò tíì parí nígbà tí a kó wọ̀ ọ́. Onílé wa ní Garki ló ní kí a jáde, a ò sì ríbi sá sí. Àjà ò sí lókè. Bí a bá dùbúlẹ̀, páànù la máa ń wò, ooru á sì máa sọ̀ lé wa lórí.

Àwa méjì làwọn òbí wa bí, èmi obìnrin àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi máa jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì nìyẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá mi, ọmọ Èkìtì tí bàbá tirẹ̀ jẹ́ tíṣà. Ìyá mi náà ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti ń pè é ní dókítà. Mi ò mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí a bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà á béèrè pé, dókítà wa, ìwé ńkọ́? Òun á rẹ́rìn-ín, á dọ̀bálẹ̀.

Nígbà tí owó wọlé, bàbá mi pe àwọn oníṣẹ́ POP, àwọn tó ń fi ẹfun ṣe àjà. Ará Kétu ni ọ̀gá wọn, Yorùbá rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju tiwa lọ. Àwa ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Àbújá, ohun tí à ń gbọ́ pọ̀ ju ohun tí a lè sọ. Ẹ̀gbọ́n mi á ti ilé-ìwé dé, á bọ́ yunifọ́ọ̀mù, á lọ dúró tì wọ́n. Omi ló kọ́kọ́ ń bá wọn gbé. Nígbà tó yá, ó ń bá wọn po ẹfun náà, èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ tètè lò kó tó le. Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi gbé ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́ pé kó máa gbẹ́ etí rẹ̀. Mi ò rí ẹ̀gbọ́n mi kó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tínú rẹ̀ dùn. Á gbẹ́ díẹ̀, á sún sẹ́yìn, á wò ó, á tún padà sídìí rẹ̀.

Ó wá fi àjẹkù ẹfun ṣe ìtàkùn elégédé sí àjà yàrá tirẹ̀, tewé tòdòdó, gbogbo rẹ̀ yí ibi tí gílóòbù máa wà ká. Ìyá mi pè mí kí n wá wò ó. Ó gbé ọwọ́ lé àyà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀gá Kétu dúró de bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá, ọwọ́ ọmọ yín yìí, Ọlọ́run ló ṣe é síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa bá wa ṣe é nígbà ọlidé.”

“Mo dúpẹ́,” ni bàbá mi wí. “Àmọ́ ọmọ tèmi ò ní gun àkàbà jẹun.”

Kò fìbínú sọ ọ́ rárá. Lọ́jọ́ kejì ló ní kí wọ́n ha ìtàkùn náà kúrò, kí yàrá yẹn lè bá tàwọn yòókù mu. Ẹ̀gbọ́n mi ló di àkàbà mú fún ẹni tó ń ha á.

Ìyá mi gbìyànjú. Mo gbọ́ ọ nínú yàrá tó ń sọ pé ọmọ náà lè lọ kẹ́kọ̀ọ́ yíya àwòrán ilé. Bàbá mi tún ìtàn ìyá tirẹ̀ sọ, bí ìyá náà ṣe kú sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù nítorí pé kò sẹ́ni tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni ìtàn náà, ó sì máa ń pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. Ìyá mi ò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Wọ́n fi ẹ̀gbọ́n mi sí yunifásítì aládàáni kan lápá ilé wa ní Èkìtì, kó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Ó yege ní ọdún àkọ́kọ́. Kò yege ní ọdún kejì, wọ́n ní kó tún un ṣe. Ó máa ń pè mí lórí fóònù, kì í sọ̀rọ̀ ilé-ìwé, á kàn ní kí n sọ ohun tí a sè fóun. Lẹ́yìn náà kò pè mọ́. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló pe ìyá mi, pé kì í jáde, kì í wẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ń bàjẹ́ síbẹ̀ ni.

Àwọn òbí wa wa mọ́tò lọ gbé e. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín nínú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Ó kí mi bí èèyàn ṣe ń kí aládùúgbò.

Àdúrà la kọ́kọ́ gbà. Pásítọ̀ ní iṣẹ́ ará ilé ni, bàbá mi sì gbà á gbọ́, nítorí pé ó rọrùn láti gbà gbọ́ ju èyí tó kù lọ. Oṣù ń gorí oṣù. Nígbà tó di pé a pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi tí kò wẹ̀yìn, ìyá mi ní ó tó, ó mú un lọ sí ọsibítù. Gbogbo wa la tẹ̀ lé e. Dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ bi bàbá mi léèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn láti máa ṣe.

“Ó fẹ́ràn ìwé,” ni bàbá mi dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́lẹ̀.

“POP ni,” ìyá mi wí. “POP ló fẹ́ràn.”

Lẹ́yìn tí oògùn ti ran ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ díẹ̀, bàbá mi gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ sí Dei-Dei níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ìkọ́lé, ó ra ọ̀bẹ, ó ra kànìnkànìn, ó ra mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ṣe òdòdó. Ó wá ọ̀gá Kétu kiri títí ó fi rí i ní Kabusa, níbi tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà kò rán an létí nǹkan kan, ó ní kí wọ́n mú ọmọ náà wá.

Mo bá wọn lọ. Ọ̀gá po ẹfun, ó gbé ọ̀bẹ fún ẹ̀gbọ́n mi. Oògùn ń mú kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n. Ó gbẹ́ ewé kan, kò dára, ó gbẹ́ òmíràn, ìyẹn dára. Ó wo èyí tó dára náà fúngbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló nu ọ̀bẹ, ó gbé e kalẹ̀.

“Dádì, ẹ ṣeun, sà. Mo mọ̀ pé ẹ sá kiri lórí ẹ̀. Kò wù mí mọ́ ni.”

“Bóyá tí ara ẹ bá tún yá sí i.”

“Ara mi ti ń yá, sà. Ó kàn ti kúrò níbẹ̀ ni.”

Bàbá mi ò kúrò lójú kan. Ẹfun ti bo bàtà tó máa ń wọ̀ lọ sọ́fíìsì.

Nígbà tó kan èmi náà láti mú iṣẹ́ tí màá kọ́ ní yunifásítì, bàbá mi jókòó tì mí, ó bi mí léèrè ohun tó wù mí. Ó ń béèrè bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Mo wá inú ara mi, mi ò rí nǹkan kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ha àjà yẹn ni mo ti ń ṣọ́ra kí nǹkan kan má bàa wù mí lójú àwọn èèyàn, ìṣọ́ra náà sì ti di ìwà. Mo ní ìṣirò owó ni. Ó ní ṣé ó dá mi lójú, mo ní ó dá mi lójú.

Ọ́fíìsì ẹ́sítéètì tí ilé wa wà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, òun ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi àti iná. Ó ń jẹun, ó ń sùn, nígbà mìíràn ó ń ṣàwàdà. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á gbé àga rẹ̀ sún mọ́ tọmọ rẹ̀ ní bàrándà, á bi í bóyá ó ti jẹun, bóyá ó ti lo oògùn, bóyá ó fẹ́ kóun ra nǹkan kan fún un.

“Kò sí, sà,” ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń dáhùn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.