Wọ́n Ní Ọkọ̀ Ń Bọ̀

"Ẹ bọ́ bàtà o! Ẹ̀yin ọmọ ọlọ́dún, ẹ bọ́ bàtà!" Ọjọ́ kejì Iléyá ni. Òórùn ẹran dídín ṣì wà lọ́wọ́ wa, ẹrẹ̀ tútù ń yọ láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa, ọkọ̀ onígi Bàbá sì ń mì jẹ́jẹ́ létí Odò Ọbà. Wọ́n á gbá ọmọ kọ̀ọ̀kan mú lábíyá, wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n á ní, "Jókòó pẹ̀sẹ̀. Omi kì í bá oníwàdùwàdù ṣeré."

Aládùúgbò wa ni wọ́n ní Ìwó. Àgbẹ̀ ni wọ́n; wọn kì í pẹja, wọn kì í sì í fi ọkọ̀ yẹn kẹ́rù. Fàájì lásán ni wọ́n fi ń ṣe. Bí wọ́n bá ti kírun Alásàrí tán lọ́jọ́ ọdún, ó di etí odò. Ìyàwó wọn a sì máa pariwo láti ìdí àdògán pé, "Ẹ bá mi kí orogún mi o!" Ọkọ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀. Àlejò tó bá wá ṣọdún láti Kuta tàbí Ilé-Ogbó, Bàbá á gbé òun náà yí ká omi. Wọn kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi kéèyàn ṣàdúrà fún wọn.

Nígbà tó yá, àwọn oníyanrìn dé. Ọkọ̀ irin ràgàjì ni wọ́n gbé wá, tó ní ẹ́ńjìnnì. Ó ń fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ odò, ó ń kó o wá sí èbúté, ọkọ̀ tipa á sì wá gbé e lọ. Ọ̀kan ló kọ́kọ́ dé, kò pẹ́ tí wọ́n fi di mẹ́ta. Omi wá ń rùn bí epo. Àwọn ìdílé méjì tó ní ọkọ̀ kékeré bíi ti Bàbá gbé tiwọn kúrò níbẹ̀. Ó ku ti Bàbá nìkan.

Ìyá mi bẹ̀ wọ́n. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọkọ̀ yín sókè. Àwọn ẹni ńlá yìí ò rí kékeré o."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, Olódò Ọbà ni wọ́n ń ki àwa ará Ìwó. Ṣé òkèèrè ni kí n ti máa wo odò náà ni?"

Iléyá ọdún kejì, àwa ọmọ márùn-ún la wà nínú ọkọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, àbúrò mi ọkùnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Etí ọ̀tún Bàbá ti ń wúwo nígbà náà. Ní èbúté, láàárọ̀ dalẹ́, àwọn lébìrà kì í yé pariwo "Ọkọ̀ ń bọ̀ o!" bí tipa bá ti ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀. Ó ti mọ́ wa létí. A ti ń súnmọ́ kọ̀rọ̀ odò nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn oníyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe sí wa láti èbúté.

Bàbá dá àjẹ̀ ọwọ́ wọn dúró. "Kí ni wọ́n ń wí?"

Èmi, ẹlẹ́nu bí abẹ̀bẹ̀, mo dáhùn wéré. "Wọ́n ní ọkọ̀ ń bọ̀ ni. Tipa ni, Bàbá. Ẹ máa wà á lọ." Ọkọ̀ ni ti orí ilẹ̀, ọkọ̀ náà ni ti ojú omi, ti orí ilẹ̀ ni ọkàn mi lọ bá.

Ọkọ̀ irin náà yọ sí wa ní kọ̀rọ̀. Kò tilẹ̀ kàn wá. Ìgbì tó ń tì bọ̀ ló dojú ọkọ̀ wa dé. Omi wọ̀ mí nímú. Mo ń gbọ́ ohùn Bàbá: "Ẹ di ọkọ̀ mú! Ẹ di ọkọ̀ mú!" Àwa mẹ́rin dì í mú. Àbúrò mi ò sí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá wọ ìsàlẹ̀ omi lọ kí wọ́n tó gbé e jáde. Ní èbúté, wọ́n tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ títí, ó pọ omi, ó sì figbe ta. Mi ò tíì gbọ́ igbe tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá mi sáré dé láìwé gèlè. Àwọn èèyàn ń kí wa pé, "Ẹ kú ewu! Ewu iná kì í pa àwòdì!" Àwọn oníyanrìn ń bínú: "A pariwo! A ní ọkọ̀ ń bọ̀! Bàbá yìí ti dití, kí wọ́n yé tukọ̀!" Bàbá, tí wọ́n tó ìyá mi í bí, wá kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Má bínú, ọmọ mi. Etí mi ni ò gbọ́ mọ́."

Mo dúró níbẹ̀, aṣọ ń ro omi lára mi. Mi ò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ kẹta, àwọn àgbà àdúgbò pàṣẹ pé ọkọ̀ kékeré ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ Bàbá wá sẹ́yìnkùlé, ìyàwó wọn ò sì fi ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

Mo ti wà nílé ọkọ kí n tó gbọ́ pé wọ́n dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo lọ kúnlẹ̀ tì wọ́n. Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo ní tipa ni."

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Àgbà tó lójú tó wá ń fi ẹnu ọmọdé ríran, ta ló jẹ̀bi?" Mo bú sẹ́kún. Wọ́n jẹ́ kí n sunkún tán kí wọ́n tó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ṣì ń gbé ọmọdé yí ká omi.

"Rárá, Bàbá. Ọkọ̀ ńlá ló kún ibẹ̀."

Wọ́n kọjú sí ògiri. "Ó wù mí kí n tún dé àárín omi yẹn. Ó wù mí gan-an ni."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tán tí wọ́n fi kú. Ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún a máa ní kí n gbàgbé, pé ọmọdé ni mí nígbà náà. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo dàgbà, mo mọ̀ pé adití ni gbogbo àdúgbò ń pe Bàbá nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi, ara wọn ṣì le, apá wọn ṣì gba àjẹ̀, mo sì ń kí wọn kọjá lójoojúmọ́. Ọmọdé ló ṣàṣìṣe. Èmi àgbà ni mo dákẹ́.