Ìtọ̀ Tí Kò Pé

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ dalẹ̀ mi. Àbúrò ọkọ mi ni. Èmi ni mo fún un ní orúkọ yẹn nígbà tí mo wọlé wọn, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Èmi náà ni mo tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní Calgary, ní Canada níbí, tí iléeṣẹ́ rẹ̀ sì dá a dúró, inú basement wa ní àdúgbò Temple ni òun, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ kó wá. Títí di òní, òórùn kápẹ́ẹ̀tì tó lómi lára ṣì máa ń rán mi létí wọn.

Lọ́dún yẹn ni kíndìnrín ọkọ mi daṣẹ́ sílẹ̀, tó wá di pé ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Mo rọ Akọ̀wé títí ó fi gbà pé òun á fún ẹ̀gbọ́n òun ní ọ̀kan nínú tòun. Ni wọ́n bá fún un ní kẹ́ẹ̀gì kan ní ilé ìwòsàn. Gbogbo ìtọ̀ tó bá tọ̀ láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, kí wọ́n lè fi wé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì mọ bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe ń sẹ́ ìdọ̀tí tó. Ìyàwó rẹ̀ ní bí kẹ́ẹ̀gì yẹn bá wọ fridge, òun á jáde nílé, ni Akọ̀wé bá gbé e sínú kúlà tó kó snow kún.

Èsì dé, ó ní wọ́n sọ pé kíndìnrín òun ò ṣiṣẹ́ tó. Ó tún un ṣe, bákan náà ló rí. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń sọ pé kò sóhun tó ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ̀ pé báyọ́lọ́jì ni mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dára tí ti inú kẹ́ẹ̀gì ò sì tó, ẹnì kan ń da ìtọ̀ nù ni. Mo bi í.

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ fẹ́ máa bá mi wọ toilet ni?"

Ó ku àyẹ̀wò kan, èyí tí wọ́n máa ń fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́, tí wọ́n á máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léraléra láti mọ bí oògùn náà ṣe ń yára kúrò lára. Kò sẹ́ni tó lè da ìyẹn nù. Kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ó ti kó lọ sí ìlú Cochrane, ó ní òun ríṣẹ́. Ọkọ mi kú kí òtútù mìíràn tó dé.

Ọdún púpọ̀ ni mi ò fi dáhùn ìkíni rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ló wá bá mi, orí rẹ̀ ti funfun, mi ò sì fún un ní àga. Gbogbo nǹkan inú ilé yẹn ni mo mọ̀, àfi ohun tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń bára wọn sọ lẹ́yìn mi. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti dé ibojì ọkọ mi mọ́. Ohun tó sọ rèé:

"Ìyàwó wa, ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n máa da ìtọ̀ yẹn nù. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò lè gba kíndìnrín lára bàbá ọlọ́mọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, àti pé bí àwọn bá sọ fún yín, ẹ ò ní gbà."