Bàbá Tó Máa Ń Kọ́kọ́ Ti Ọwọ́ Bọ Omi

Mi ò lè fọwọ́ kan ẹja lónìí kí n má rántí bàbá òyìnbó tó ń mú àwa àlejò lọ pẹja ní odò Liffey lókè òkun. Kí wọ́n tó mú ẹja, wọ́n á kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ omi. Wọ́n á ní, "Ọwọ́ gbígbẹ máa ń bó ẹja lára." Láàyè ni wọ́n máa ń dá gbogbo rẹ̀ padà sódò.

Lọ́jọ́ tí mo mú tèmi, fọ́tò tí mo máa fi ránṣẹ́ sílé n'Ìbàdàn ló gbà mí lọ́kàn. Bàbá ní, "Rẹ ọwọ́ ẹ, kí o sì gbé e fún mi." Mo ní, "Ẹ ní sùúrù ná, sà." Ọwọ́ gbígbẹ ni mo fi fún un mọ́ra. Ọ̀rẹ́ mi ya mí lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní kó tún un ya. Nígbà tí mo máa fi ẹja sílẹ̀, ńṣe ló yíkùn sókè.

Bàbá kúnlẹ̀ sínú omi, wọ́n dì í mú títí, kò mira. Nígbà tí àwọn tó kù béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ní, "Èmi ni mo fà á, mo pẹ́ jù."

Mo gbọ́, mo panu mọ́.

Mi ò fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ bàbá wà nínú ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká mi: omi ń kán lára rẹ̀, wọ́n nà án, wọ́n ń dúró dè mí.