Ìyẹ̀fun Tí Kò Lórúkọ

Ọdún tí owó epo bẹntiróòlù ṣàdédé fò sókè, tí ọ̀pọ̀ wa ń fẹsẹ̀ rìn láti Agége lọ síbi iṣẹ́ ní Ọ̀gbà, ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Èmi ni alága àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ìpara kan nígbà náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wọ ẹgbẹ́ báyìí máa ń ní kí n sọ ìtàn ìjà tí a jà tí a borí. Mo ní irú ẹ̀ díẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ eléyìí kò sí lára wọn.

Ìpara tó ń mú ara pupa là ń ṣe. Rísíkátù ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ṣẹ́rífá, ló wà nídìí pípo rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń pò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán ni Ìyá Ṣẹ́rífá fi ń mọ̀ bóyá ó ti dáa. Á ki ọwọ́ bọ inú àgbá títí dé ìgúnpá, á fi ìka ra ìpara náà, tí ìka rẹ̀ kò bá kan hóró ìyẹ̀fun mọ́, á ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Ó máa ń sọ pé ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ nǹkan. Ìyẹ̀fun funfun ni wọ́n ń dà sí i, inú àpò tí wọ́n ti họ ohun tí wọ́n kọ sí i lára kúrò ló sì ń wà. A ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Lóṣooṣù ni ilé-iṣẹ́ ń fún kálukú wa ní ìpara ọ̀fẹ́, inú wa sì ń dùn.

Ẹsẹ̀ Ìyá Ṣẹ́rífá ló kọ́kọ́ wú, lẹ́yìn náà ojú. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, èmi àti Ṣẹ́rífá ọmọ rẹ̀ mú un lọ sílé ìwòsàn ìjọba. Dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ ló ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó bi í léèrè ohun tó ń fọwọ́ kàn níbi iṣẹ́.

“Ìyẹ̀fun ni, dókítà.”

“Ìyẹ̀fun kí ni, mà?”

Ìyá Ṣẹ́rífá wojú mi, èmi náà wojú rẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé kẹ́míkà pọ̀ lóríṣiríṣi, pé báwọn bá mọ orúkọ eléyìí, àwọn á mọ oògùn tó lè lé e jáde lára. Bí àwọn ò bá mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ tó wú lásán làwọn á máa tọ́jú. Ó ní ká tètè lọ béèrè.

Mo lọ bi máníjà wa, ó ní àṣírí òwò ni. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. “Kọmúréèdì, ṣé ẹ máa ń sọ gbogbo nǹkan tí ẹ fi sebẹ̀ fún àlejò ni?”

“Tí àlejò bá ti ọbẹ̀ mi dèrò ilé ìwòsàn, mo máa sọ.”

Ó ní kí n pa ilẹ̀kùn dé tí mo bá ń jáde. Bí a ṣe gùn lé ìyanṣẹ́lódì nìyẹn. A ò béèrè owó, orúkọ ìyẹ̀fun nìkan la béèrè. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní ká fi àfikún owó oṣù kún un kó lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mo kọ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé nítorí ẹ̀mí ẹnì kan la ṣe jókòó sẹ́nu géètì.

Kì í ṣe ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ kọjú ìjà sí wa. Àwọn alágbàtà tó ń ta ìpara wa ní Abúlé Ẹ̀gbá ni. Wọ́n kọ́kọ́ wá bẹ̀ wá, ọjà ti tán lórí igbá. Nígbà tí a kò gbà, ẹ̀bẹ̀ di èébú. Obìnrin kan na ìka sí mi, ó ní, “Ẹ̀yin ti pupa tán, ẹ wá fẹ́ káwa dúdú.”

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, la bá pinnu láti lọ sọ́dọ̀ ìjọba ní Aláúsá. Ibẹ̀ gan-an la ti ṣe ara wa. Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn kì í ṣe wúruwùru lọ síwájú ìjọba. Bí a bá ṣe rìn ni wọ́n ń koni. A wẹ̀, a lọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ wa, a sì pa ìpara. Kò sí ẹni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣẹ́rífá pàápàá fi ra ìyá rẹ̀ lójú tó wú náà, kó má baà dà bí aláìsàn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tó jáde sí wa kò lé wa. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló wò wá láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí lẹ pa?”

Ìyá Ṣẹ́rífá ló dá a lóhùn pé ìpara ilé-iṣẹ́ náà ni.

“Tó bá jẹ́ pé májèlé ni, kí ló dé tí gbogbo yín wá ń dán báyìí?”

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ sọ pé dídán yẹn gan-an ni àìsàn, pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, ṣùgbọ́n ojú èmi tí mò ń sọ ọ́ náà ń dán. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Obìnrin náà ní àwọn á wá wò ó.

Wọ́n wá lóòótọ́. Kí wọ́n tó dé, àpò ìyẹ̀fun ti kúrò, ilé-iṣẹ́ ti fọ ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Ebi lé wa padà sẹ́nu iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ fún wa ní ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, wọ́n sì kó pípo ìpara lọ sí ibòmíràn tí wọn kò sọ fún wa, sọ́wọ́ àwọn obìnrin tí kò ní ẹgbẹ́. Àwẹ̀ kò tíì wọlé tí Ìyá Ṣẹ́rífá fi kú. Dókítà ò yéé béèrè orúkọ náà lọ́wọ́ mi títí dé òpin.

Ìbọ̀wọ́ la rí gbà níbi ìjà yẹn. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn kan ń pè é ní ìṣẹ́gun níbi ìpàdé, mi ò bá wọn pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ń pò ó báyìí, ọwọ́ lásán ni wọ́n á máa kì bọ̀ ọ́, mi ò sì mọ ilé tí wọ́n wà débi tí mo fẹ́ lọ kìlọ̀ fún wọn.

Lóṣù tó kọjá, Ṣẹ́rífá wá fi ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ tó mi létí. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó kúnlẹ̀.

“Màmá, ẹ bá mi wá èyí tí mọ́mì mi máa ń pa. Mo fẹ́ kí ojú mi rí bíi tiwọn lọ́jọ́ yẹn.”

Mo rán an létí ilé ìwòsàn, mo rán an létí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó tẹ́tí sí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Ó wá ní, “Mo gbọ́, mà. Àmọ́ èyí tí wọ́n ń ṣe báyìí, ṣebí wọ́n ti yọ nǹkan yẹn kúrò nínú ẹ̀?”

Mi ò mọ ohun tó wà nínú ti ìyá rẹ̀, ká tó wá sọ ti tuntun. Ó dúpẹ́ oúnjẹ, ó sì gbé báàgì rẹ̀.