Abọ́ Tí Dàda Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Ṣí

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni Dàda.

Kànga ló ń gbẹ́. Bí ẹ bá fa omi ní Ìtapàjí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló gbẹ́ kànga yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Òun àti ìyá rẹ̀, Yèyé Fẹ́yìsetán, ni wọ́n jọ ń gbé ilé tó kọjú sí tèmi.

Kì í mu ọtí, kì í fa sìgá. Fíìmù ló ń wò. Bó bá di Sátidé, á gun ọ̀kadà lọ sí Ìkọ̀lé, á yá kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Níkẹ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù fídíò lẹ́bàá gáréèjì. Kò fẹ́ ti olólùfẹ́, kò fẹ́ ti aláwàdà. Èyí tó ń bani lẹ́rù ló ń fẹ́. Bí kò bá bà á lẹ́rù, á dá a padà, á sì bú Níkẹ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Òkú wo ló ń sọ̀rọ̀ bí alága ìpàdé báyìí? Ó jí látinú sàréè, ó ní 'ẹ̀yin ará ilé mi'. Ta ló fẹ́ bà lẹ́rù?"

"Bọ̀ọ̀dá Dàda, èmi kọ́ ni mo ṣe é."

"Ìwọ lo fún mi! Wọ́n tún fi iná aláwọ̀ ewé sí i lójú. Òkú ni àbí mọ́tò?"

"Ẹ ò bá má wò ó tán."

"Mo fẹ́ mọ ibi tí ìranù náà máa parí sí ni. Kò sì parí! Wọ́n ní kí n dúró de apá kejì. Olè ni wọ́n!"

Níkẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Dàda kò rẹ́rìn-ín. Inú ń bí i lóòótọ́.

Ọ̀kan wà tó fẹ́ràn, ti àwọn òyìnbó. A jọ wò ó nílé rẹ̀. Obìnrin kan ń fọ abọ́. Ẹnìkan wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Àwa mọ̀, obìnrin náà kò mọ̀. Kò sí orin, kò sí ariwo, omi nìkan ló ń kán. Dàda fò dìde, ó ń kígbe mọ́ tẹlifíṣọ̀n pé, "Sá! Orí ẹ ò pé ni? Sá!" Nígbà tó parí, ó nu òógùn.

"Bàbá Olúwọlé, ẹ wò ó," ó wí fún mi. "Ohun tí wọ́n bá fi han èèyàn kì í bà á lẹ́rù pẹ́. Èyí tí wọ́n bò ló ń bani lẹ́rù. Bí mo bá wà nínú kànga, òkùnkùn kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Bí mo bá fa okùn, tí ẹni tó wà lókè kò dáhùn, ẹ̀rù nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Kò gùn.

Èyí tó ń bí i nínú jù ni ti àwọn ìyá arúgbó. "Gbogbo fíìmù ẹ̀rù ilẹ̀ wa, ìyá arúgbó ló ń pa ọmọ jẹ. Kí ló dé? Ṣé géńdé kì í ṣìkà ni? Àwọn tó ń so táì ńkọ́?" Á wo ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á sì fa ojú ro.

Yèyé ń ṣe ohun kan tí àwọn obìnrin àgbà ibí máa ń ṣe. Bí ọmọ bá wà lájò, wọ́n á bu oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀. Bí Yèyé bá ti gúnyán, á bu ti Wálé, àbúrò Dàda tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, sínú abọ́ tánganran kan tó ní ìdérí. Á gbé e sórí àjà lókè ààrò, kí ewúrẹ́ má bàa dé ibẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọdé tó bá kọ́kọ́ wá kí i ló máa jẹ ẹ́. Dàda kò fọwọ́ kan abọ́ yẹn rí. Ti àbúrò rẹ̀ ni. Ó sì pẹ́ gan-an tí àbúrò náà kò yọjú.

Ọdún 2003, Wálé wá ṣe Àjíǹde. Ó mú Ṣọlá ìyàwó rẹ̀ wá, àti Ìmọ́lẹ̀ ọmọbìnrin wọn. Yèyé kò rí ọmọ náà rí. "Ẹ wọ ulé! Ẹ wọ ulé!" Ó ń jó, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lo ọ̀sẹ̀ kan. Wálé ní àwọn á lò ó.

Mọ́ńdè Àjíǹde, àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan wá yá tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ fídíò Dàda. Wọ́n ní fíìmù Jésù làwọn fẹ́ fi han àwọn ọmọdé lọ́sàn-án. Dàda gbé e fún wọn, ó bá wọn so wáyà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó síwájú. Wálé kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wá. Èmi náà lọ. Wọ́n fi aṣọ bo fèrèsé. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé.

Kì í ṣe fíìmù Jésù. Ìyá arúgbó kan ni, wọ́n fi ìyẹ̀fun kùn ún lójú. Ọmọ rẹ̀ ti ìlú ńlá dé. Ìyá náà gbé abọ́ kan tó ní ìdérí jáde.

"Irọ́!" Dàda ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ wo ìyẹ̀fun lójú rẹ̀! Ṣé ó fẹ́ dín búnsì ni?"

Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín.

Dámiláre, olórí àwọn ọ̀dọ́ náà, dìde. "Bọ̀ọ̀dá Dàda, ilé Ọlọ́run la wà."

"Ilé Ọlọ́run lẹ ti ń parọ́ mọ́ ìyá oníyàá?"

"Ẹ̀kọ́ ni, sà. Ká lè mọ ọ̀tá inú ilé."

"Ọ̀tá inú ilé wo? Jésù dà? Ẹ ní Jésù lẹ fẹ́ fi hàn!"

Nínú fíìmù, ìyá náà ní, "Tìrẹ ni, ọmọ mi. Mo fi í pa mọ́ dè ọ́." Ó gbé ọwọ́ lé ìdérí abọ́ náà. Ibẹ̀ ni Dàda ti fò dìde, ó fa wáyà yọ.

Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Àwọn ọmọdé ké.

"Ẹ̀rọ mi nìyí. Mò ń gbé e lọ."

Bó ṣe ń ká wáyà rẹ̀, mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn mi. "Kí ló ń bà á lẹ́rù? Àbí ó mọ ohun tó wà nílé tiwọn ni?" Wálé náà gbọ́. Ojú rẹ̀ yí padà.

A jọ rìn padà sílé. Dàda ru tẹlifíṣọ̀n, ó ń bú wọn láti ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ẹnu ọ̀nà. Yèyé wà ní ìdí ààrò. Ó ti gúnyán láti ọ̀sán, ó dúró dè wọ́n títí. Ó nawọ́ sókè àjà, ó gbé abọ́ Wálé sọ̀kalẹ̀, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ figbe ta. "Mọ́mì! Abọ́ yẹn! Abọ́ yẹn nìyẹn!" Ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Wálé dúró sókèèrè. "Kí ló wà níbẹ̀, Yèyé?"

"Tìrẹ ni," Yèyé wí. "Mo bu tìrẹ pamọ́ fún ọ. Kò sígbà tí n kì í bù ú."

Kò mọ ohun tó sọ. Kò lọ wo fíìmù. Ṣọlá gbé ọmọ rẹ̀, ó bọ́ síta. "Bàbá Ìmọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Nísìnyí."

"Lọ síbo?" Dàda sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. "Wálé! Nígbà tí bàbá wa ń ṣe àgbàṣe kòkó ní Oǹdó, orí àjà yìí kọ́ ni Yèyé ń gbé tirẹ̀ sí? Ta ló ń jẹ ẹ́ láàárọ̀? Ta ló ń jí ṣáájú adìyẹ nítorí ẹja inú rẹ̀? Ìwọ! Alájẹkì!"

Wálé wo ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń gbọ̀n. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa fíìmù náà? Bó bá ṣe pé a rí inú abọ́ yẹn ni…"

Dàda yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wò mí. Ohun tó sọ fún mi nílé rẹ̀ nípa ohun tí wọ́n bò ni àwa méjèèjì rántí.

"Jẹ́ kí n ṣí i fún un, kó wò ó," Yèyé wí.

Ṣọlá ti wà lójú títì, ó ń pe ọlọ́kadà. Wálé kó báàgì wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ níbi tó dúró sí, kò sún mọ́ ọn. Ó ní Ìkọ̀lé làwọn máa sùn, káwọn lè rí mọ́tò àárọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí Yèyé tọrọ ti parí nìyẹn.

Yèyé jókòó sórí àpótí, abọ́ náà wà lórí itan rẹ̀. Kò sunkún. Ó bi mí pé, "Kí ni mo ṣe?" Ìbéèrè yẹn ń bí mi nínú títí dòní.

Dàda gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ti Wálé ni," Yèyé wí.

"Mo mọ̀."

"Ó ti tutù. Jẹ́ kí n gbé ọbẹ̀ kaná."

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Yèyé."

Ó gbé àga síta, sí ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ń gbà kọjá. Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ó fọ ọwọ́. Ó dúró títí Dámiláre àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi dé iwájú ilé. Nígbà náà ló ṣí ìdérí.

"Ẹ wá wò ó! Ẹ sún mọ́bí! Apá kejì nìyí, ọ̀fẹ́ ni!"

Wọn ò sún mọ́ ọn. Dámiláre ní, "Ẹ má bínú, sà," ó sì kọjá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iyán tútù ni Dàda jẹ, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti orí ẹja odò ńlá kan. Inú abọ́ Wálé ló ti jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán.